Bí a ṣe ń tọ́jú òjòlá kékeré nínú ilé: ball python, láti orí àpótí dé orí oúnjẹ

Tí ẹ bá fẹ́ sin òjòlá, àpótí ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kì í ṣe ejò. Ẹ gbé àpótí náà kalẹ̀, ẹ tan ooru rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan láìsí ohun ẹlẹ́mìí kankan nínú rẹ̀, kí ẹ máa wo ìwọ̀n ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbé ejò yìí lọ bá dókítà ẹranko, ì báà jẹ́ ọ̀fìnkìn, àìjẹun tàbí awọ tí kò bọ́ tán, inú àpótí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ejò dé kó tó máa wá ibi tí yóò fi sí, ó ti fi ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀.

Òjòlá wo là ń sọ?

Kì í ṣe erè ńlá tí ń gbé ewúrẹ́ mì. Ball python ni, tí àwọn ará Bìrìtéènì ń pè ní royal python, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì sì jẹ́ Python regius. Ará Áfíríkà ni: ó wà láti Senegal lápá ìwọ̀-oòrùn títí dé Uganda, ó sì pọ̀ ní Gánà, Tógò àti Benin. Akọ máa ń gùn tó 90 sí 110 sẹ̀ǹtímítà, abo 120 sí 150. Abo tó dàgbà dáadáa lè wọn kílò 1.5 sí 2.5. Kò ní oró. Tí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ jọ róbótó bíi bọ́ọ̀lù, á fi orí pamọ́ sí àárín. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ẹ ro ti ọjọ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó náwó. Ogún sí ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe nǹkan bàbàrà fún un. Ní 2020, abo kan tó ti lé ní ẹni 50 ọdún yé ẹyin méje ní ọgbà ẹranko ìlú Saint Louis ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ó kéré tán ó ti tó ọdún 15 tí kò ti fojú kan akọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá rà á fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ náà lè ti bí tirẹ̀ kí ejò yẹn tó kú.

Tí ball python bá ti tóbi jù fún yín, àwọn tó kéré jù ú lọ wà ní Australia: Children's python àti spotted python, tí wọ́n sábà máa ń tó nǹkan bíi mítà kan, àti pygmy python, tó kéré jù nínú gbogbo òjòlá ayé, nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà péré. Orúkọ Children's yẹn kò túmọ̀ sí pé ejò ọmọdé ni o; John George Children tó ṣiṣẹ́ ní British Museum ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn ejò wọ̀nyí kì í yan oúnjẹ tó ball python, àmọ́ wọ́n yára jù ú lọ, àwọn ọmọ wọn a sì máa buni ṣán. Ìtọ́jú wọn kò jìnnà sí èyí tí a fẹ́ sọ, àyàfi pé wọ́n lè gba afẹ́fẹ́ tó gbẹ díẹ̀. Ball python la ó máa bá lọ láti ìhín.

Òfin ìjọba àti òfin ilẹ̀

Gbogbo òjòlá ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Àfikún Kejì ni ball python wà, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé e kọjá ẹnubodè láìní ìwé àṣẹ. Kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́ sínú báàgì láti Cotonou dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní Bìrìtéènì, kò sí ìwé àṣẹ tí ẹ ó gbà kí ẹ tó sin ín, àmọ́ òfin ìtọ́jú ẹranko ti 2006 de ẹni tó bá fìyà jẹ ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní Hawaii, kò sí ejò kankan tí aráàlú lè sìn. Ní Nàìjíríà, ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, àti ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ yín tó ń rí sí igbó kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ má sì ra èyí tí ọdẹ mú wá láti oko.

Òfin ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní Ouidah ní Benin, ilé òrìṣà àwọn òjòlá yìí dojú kọ ìjọ Àgùdà gan-an, àwọn ará ibẹ̀ ń pe ejò náà ní Dàngbé, ẹnikẹ́ni kì í sì í pa á. Láwọn ibì kan nílẹ̀ Ìgbò, éké ni wọ́n ń pe òjòlá, wọ́n á sì sin òkú rẹ̀ bí òkú èèyàn. Tí ẹ bá ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ sísin ejò yìí nínú àpótí.

Yíyan ejò

Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n mú nínú igbó ní àgbà. Ìkejì ni ọmọ tí wọ́n pa láti inú ẹyin abo olóyún tí wọ́n mú wá láti oko. Ọ̀nà yìí ni Tógò, Gánà àti Benin ń gbà kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. Ìkẹta ni ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wà nínú ilé tipẹ́. Ìkẹta ni kí ẹ rà. Ti inú igbó máa ń gbé eégbọn lábẹ́ ìpẹ́ àti aràn nínú ìfun, ó sì lè kọ oúnjẹ fún oṣù púpọ̀ torí pé kò mọ òkú eku rí. Ẹ bi ẹni tó ń tà á ní tààrà: ta ló pa á láti inú ẹyin, ọjọ́ wo ló jáde nínú ẹyin, ẹ̀ẹ̀melòó ló ti jẹun, kí ló sì jẹ? Ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀, ẹ yà á sílẹ̀.

Kó ti jẹun tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún ó kéré tán, kó sì ti wọn 100 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ fojú ara yín rí i nígbà tó bá ń jẹun. Ẹ gbé e lọ́wọ́: ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ki, kó máa di ọwọ́ yín mú. Eegun ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ yọ ṣóńṣó. Ẹ wo imú àti ẹnu bóyá ìfófòó wà níbẹ̀. Ẹ wo eteetí ojú àti abẹ́ àgbọ̀n bóyá àwọn nǹkan dúdú tíntìntín kan ń rìn. Ihò ìdí gbọ́dọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ńkọ́? Àwọn tó ń sìn wọ́n ti mú oríṣiríṣi àwọ̀ jáde, owó gegere ni wọ́n sì ń bèèrè lórí àwọn kan. Ẹ sá fún èyí tí wọ́n ń pè ní spider. Ohun tó fún un ní àwọ̀ tó rẹwà yẹn náà ló ń da ọpọlọ rẹ̀ rú: orí rẹ̀ á máa mì, á máa ṣe kọ́lọkọ̀lọ, nígbà míì á dojú délẹ̀ nígbà tó fẹ́ bu eku ṣán. Kò sí oògùn rẹ̀. Ejò tó ní àwọ̀ igbó, dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀, ló rọ̀ lówó jù, kò sì sí èyí tó sàn jù ú lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Àpótí

Fún ọmọ ejò, 60 × 45 sẹ̀ǹtímítà nílẹ̀ tó. Fún àgbà, 120 × 60, kí gíga rẹ̀ náà tó 60. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àpótí ńlá kì í jẹ́ kí ọmọ ejò jẹun. Kì í ṣe títóbi ló ń dà á láàmú, gbalasa ni. Tí ẹ bá fi ewé àtọwọ́dá, èèpo igi àti ẹ̀ka kún inú rẹ̀ débi pé ejò lè ti igun kan dé èkejì láìjẹ́ pé ara rẹ̀ hàn síta, ọmọ ejò lè gbé inú àpótí àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àpótí pákó tàbí ti ike líle tí gíláàsì rẹ̀ ń ṣí níwájú ló dára jù. Ó ń di ooru àti ọ̀rinrin mú. Bó bá jẹ́ pákó, ẹ fi silicone dí gbogbo oríkèé rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta kí òórùn rẹ̀ lọ tán. Àpótí gíláàsì tó ní àwọ̀n lórí ni wọ́n sábà máa ń tà fún àwọn olùbẹ̀rẹ̀, òun gan-an ló sì ń fa wàhálà jù, torí gbogbo ooru àti ọ̀rinrin ń gba orí jáde lọ. Tó bá jẹ́ òun lẹ ti rà, ẹ fi fóìlì bo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọ̀n náà, kí ẹ sì lẹ pátákó mọ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìta. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ejò yìí lágbára ju bí ojú ṣe rí i lọ, ibi tí orí rẹ̀ bá ti wọ̀, gbogbo ara rẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Ooru

Ejò kì í mú ooru jáde fúnra rẹ̀. Ó ń rìn lọ síbi tó gbóná, ó ń rìn lọ síbi tó tutù, bó ṣe ń ṣàkóso ara rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan àpótí gbọ́dọ̀ gbóná, kí ìkejì tutù:

Ojú ilẹ̀ níbi tó gbóná jù: 32 sí 34°C
Afẹ́fẹ́ lápá gbígbóná: 30 sí 32°C
Apá títutù: 25 sí 27°C
Lóru, níbikíbi: kó má lọ sábẹ́ 24°C

Fún àpótí pákó ti àgbà, gílóòbù ceramic ti 100 wọ́ọ̀tì tí kì í tan ìmọ́lẹ̀ máa ń tó. Ẹ fi wáyà oníhò ká a, kí ihò wáyà náà kéré ju orí ejò lọ. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, á gun orí rẹ̀, á wé mọ́ ọn, á sì jóná láìkúrò níbẹ̀. Ejò kì í tètè mọ̀ pé nǹkan ń jó òun níkùn. Ìdí kan náà nìyẹn tí a kì í fi lo òkúta oníná tí wọ́n ń tà fún aláǹgbá. Fún àpótí ọmọ ejò, ẹní ooru (heat mat) tó gba ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ àpótí lè tó, tí yàrá náà kò bá tutù jù. Níbi tí ẹní ooru bá wà, kí ohun tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Bó bá nípọn, ooru á pọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ejò á wú u títí kan ilẹ̀, á sì dùbúlẹ̀ lórí iná.

Ẹ̀rọ ooru kankan kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí thermostat, ẹ̀rọ tí ń pa á tí ooru bá ti tó. Ti ẹní ooru ni oríṣi tí ń pa tí ń tàn. Ti ceramic ni èyí tí wọ́n ń pè ní pulse. Ti gílóòbù tí ń mọ́lẹ̀ ni dimming. Tí ẹ bá fi èyí tí ń pa tí ń tàn sí i, gílóòbù á máa ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi jó. Ẹ so wáyà tí ń wọn ooru mọ́lẹ̀ dáadáa, torí tí ejò bá fà á lọ sápá títutù, ẹ̀rọ á rò pé òtútù mú, á sì máa dáná sí i títí ejò á fi sè. Ẹ má fi sẹlotépù so ó nínú àpótí láé. Ara ejò á lẹ̀ mọ́ ọn, ìpẹ́ á sì ya. Okùn ike tàbí ìṣó kékeré onígàgá ni kí ẹ lò.

Ẹ má gba ohun tí ojú thermostat bá sọ gbọ́ tán. Ẹ fi tẹmọ́mítà méjì sí i, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ra oníbọn tí wọ́n ń nà sí nǹkan láti wọn ojú ilẹ̀. Èyí tí wọ́n ń nà síwájú orí wa nígbà Kòrónà kọ́ o. Ìyẹn, ooru ara èèyàn nìkan ló mọ̀ ọ́n wọ̀n.

Ìmọ́lẹ̀ wákàtí 12, òkùnkùn wákàtí 12. Gílóòbù pupa tàbí aláwọ̀ sánmà tí wọ́n ní kí ẹ máa tàn lóru kò wúlò, ejò ń rí i.

Ẹni tó bá ń sìn ín ní Èkó tàbí Ìbàdàn lè má nílò ooru púpọ̀ lọ́sàn-án, nígbà míì kò nílò rárá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kí apá títutù má kọjá 30°C nínú oṣù kẹta, àti ọyẹ́, tí òru rẹ̀ ń tutù, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbẹ kanran. Fún ìgbà tí iná bá lọ níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà: ẹ fi kúbùsù nípọn bo àpótí, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sápá kan. Ejò tí ara rẹ̀ le lè fara da wákàtí mélòó kan ní 20°C. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹun lákòókò náà, torí láìsí ooru, eku á jẹrà sínú rẹ̀.

Ọ̀rinrin àti ohun tí à ń tẹ́ sílẹ̀

Nínú igbó, inú ihò eku àti inú ọ̀gán ni ball python máa ń wà lọ́sàn-án. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú ọ̀gán wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ kò gbẹ bí ìta. Ohun tí à ń wá nínú àpótí nìyẹn: 55 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún lójoojúmọ́, kó gòkè dé 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ pa awọ dà.

Ẹ tẹ́ fọ́nrán àgbọn tí wọ́n lọ̀, tàbí èèpo igi cypress, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 níbi tí kò bá ti sí ẹní ooru. Èérún igi cedar tàbí pine kò dára. Òróró inú wọn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Dípò kí ẹ máa fín omi sójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ẹ da omi bíi ife kan sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó rìn lọ sábẹ́. Abẹ́ á tutù, òkè á gbẹ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí òkè bá ń rin ṣinṣin nígbà gbogbo, ìpẹ́ abẹ́ ikùn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á wú, á sì máa jẹrà.

Ibi ìsápamọ́ gbọ́dọ̀ pé méjì, ọ̀kan lápá gbígbóná, ọ̀kan lápá títutù, kí méjèèjì jọra. Ihò kan ṣoṣo ni kó ní, kó sì há débi pé ara ejò á kan ògiri rẹ̀ yíká. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ fi sí i, ejò á yan ààbò ju ooru lọ. Á jókòó sínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó sì máa rò pé ó ń ṣàìsàn. Ẹ fi ẹ̀ka igi tó lágbára sí i pẹ̀lú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà fi hàn pé àwọn akọ máa ń gun igi, wọ́n sì máa ń jẹ ẹyẹ, nítorí náà ẹni tó bá ní ilẹ̀ nìkan ni ejò yìí mọ̀, kò tíì rí i lóko. Abọ́ omi gbọ́dọ̀ wúwo, kó má lè dà á nù. Ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ gbé e sínú àpótí, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fi í sílẹ̀. Ọjọ́ méje láìfọwọ́ kàn án, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ omi. Kò sí kí àwọn ọ̀rẹ́ wá wò ó, kò sí fọ́tò. Lẹ́yìn ọjọ́ keje ni kí ẹ gbé oúnjẹ fún un. Ìgbà tó bá ti jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀léra ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e, ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ti ẹ̀gbẹ́ gbé e, ẹ má ti òkè, torí òkè ni àṣá ti ń wá. Tó bá ti ká bíi bọ́ọ̀lù, ẹ má tú u. Tí ẹ bá ti ní ejò mìíràn tẹ́lẹ̀, kí èyí tuntun wà ní yàrá ọ̀tọ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ̀mú àti abọ́ rẹ̀ sì yàtọ̀. Lórí bébà funfun ni kó wà lákòókò yìí, kí kòkòrò tàbí ìgbẹ́ tí kò dára lè tètè hàn.

Oúnjẹ

Eku ni, odidi, tó ti kú, tí wọ́n ti fi dì nínú fírísà. Eku ààyè kò yẹ rárá. Eku tí ebi ń pa lè jẹ ejò lẹ́yìn dé eegun, ejò á sì ká jọ síbẹ̀ láìjà.

Ẹ ra òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó lè ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ejò tí kò tíì tó 200 gíráàmù: eku tó jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀, ní ọjọ́ méje-méje. Ejò 70 gíráàmù á jẹ eku 7 sí 10 gíráàmù. Láti 200 sí 500 gíráàmù, nǹkan bí ìdá 10, ní ọjọ́ 10 sí 14. Àgbà tó ti kọjá kílò kan, ìdá 5 tó, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Àwọn tó ń fún àgbà ní eku ńlá lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ń fi ọ̀rá pa á ni. Tí ẹ bá rí i tí ìdí rẹ̀ ń ṣe kókó níbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀, ó ti sanra jù.

1. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ gbé eku náà kúrò nínú fírísà sínú fíríìjì, nínú ọ̀rá.
2. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ọ̀rá náà sínú omi tó gbóná tó 40 sí 45°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ tẹ ikùn eku wò: kò gbọ́dọ̀ sí yìnyín nínú rẹ̀. Ẹ má lo máíkíróweéfù, á se apá kan, á fi èkejì sílẹ̀, ikùn rẹ̀ sì lè bẹ́.
3. Ẹ nu ún gbẹ. Ẹ tún fi orí rẹ̀ nìkan sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan. Ojú ihò kéékèèké tó wà létè ball python ló fi ń rí ooru, orí gbígbóná ló sì ń wá.
4. Ní alẹ́, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó lọ sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú gígùn di eku náà mú láti ẹ̀yìn, ẹ gbé e síwájú ibi ìsápamọ́, ẹ mì ín díẹ̀.
5. Tó bá ti bù ú ṣán, tó sì ti wé mọ́ ọn, ẹ rọra ti ilẹ̀kùn. Ẹ má gbé e fún wákàtí 48.

Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì tí kò jẹ ẹ́, ẹ gbé eku náà dànù. A kì í dá a padà sínú fírísà.

Tó bá pọ̀ ọ́ jáde, ooru ló kéré, tàbí eku tóbi jù, tàbí ẹ ti gbé e káàkiri. Ẹ má sáré fún un ní òmíràn. Ẹ dúró fún ọjọ́ 14, kí ẹ wá fún un ní èyí tó kéré tó ìdajì. Tó bá tún pọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Nígbà tó bá kọ oúnjẹ

Ball python lókìkí fún èyí. Àgbà akọ lè kọ oúnjẹ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lákòókò tí akọ ń wá abo, láìsí ohun tó ṣe é. Ẹ má bínú, ẹ má sì fipá ki í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ wọn ìwúwo rẹ̀ lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ẹ tó pààrọ̀ oúnjẹ, ẹ padà sídìí àpótí. Ṣé ojú ilẹ̀ lápá gbígbóná ṣì ń jẹ́ 32°C, àbí gílóòbù ti jó? Ṣé ibi ìsápamọ́ ti kéré fún un, àbí ó ti fẹ̀ jù? Ṣé ojú rẹ̀ ti ṣú, tó fẹ́ pa awọ dà? Ṣé ajá tàbí tẹlifíṣọ̀n wà nítòsí? Tí gbogbo ìyẹn bá péye, ẹ wá gbìyànjú eku kékeré jù, tàbí kí ẹ pààrọ̀ oríṣi eku ńlá (rat) sí oríṣi eku tíntín (mouse), tàbí kí ẹ fi eku sẹ́nu ọ̀nà ibi ìsápamọ́ mọ́jú. Ẹ má gbìyànjú lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ 7 sí 10 ti tó, fífi eku lọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ ló ń jẹ́ kó máa sá fún un. Àmọ́ tí ìwúwo rẹ̀ bá ti dín ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí tó bá jẹ́ ọmọ ejò tí kò jẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Pípa awọ dà

Ikùn á kọ́kọ́ pọ́n díẹ̀, ojú á ṣú bí ẹni tí eérú bọ́ sí lójú, lẹ́yìn náà ojú á tún mọ́. Bíi ọjọ́ mẹ́rin sí méje lẹ́yìn ìyẹn ni awọ á bọ́. Ọmọ ejò ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Awọ tó dára á bọ́ lódindi láti orí dé ìrù, bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n yí síta, awọ ojú méjèèjì á sì wà lórí rẹ̀. Ẹ wò ó níbẹ̀.

Tó bá bọ́ ní jáńjálá, ọ̀rinrin ló kéré. Ẹ gbé àpótí ike kékeré kan tí ẹ ti gé ihò sí, tí moss tútù (ewéko kéékèèké tí ń gba omi dúró) wà nínú rẹ̀, síbi tó gbóná, kí ejò lè máa wọlé síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ yẹ ṣóńṣó ìrù wò: awọ tó kù síbẹ̀ á fún un bí okùn, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́, ó sì lè já. Awọ tó kù lójú ńkọ́? Ẹ má fi èékánná tàbí sẹlotépù yọ ọ́, ẹ lè yọ ojú mọ́ ọn. Ẹ tún ọ̀rinrin ṣe kí ìgbà tó ń bọ̀ tó dé; tí kò bá tún bọ́, iṣẹ́ dókítà ni.

Àìsàn tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la

Tó bá ń la ẹnu mí, tó ń ṣe hùn-ún hùn-ún, tí ìfófòó tàbí kelebe ń yọ lẹ́nu rẹ̀, tó ń gbé orí sókè kó lè mí, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ẹ gbé ooru náà sókè díẹ̀ kó tó 33°C lápá gbígbóná, kí ẹ pe dókítà tó mọ̀ nípa ẹranko afàyàfà lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn tí ẹ rà fún adìẹ kò ní ṣe é. Kòkòrò tíntìntín tí wọ́n ń pè ní mite ńkọ́? Ẹ ó rí ejò tó ń wà nínú omi láti àárọ̀ dalẹ́, àti nǹkan bí ata gígún dúdú lójú omi. Ẹ kó ohun tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ dànù, ẹ fi omi gbígbóná fọ gbogbo igun àpótí, ẹ fi ejò sórí bébà, kí ẹ lo oògùn tí dókítà bá kọ, kí ẹ sì tún un ṣe títí ẹyin wọn á fi tán. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ẹ̀fọn onífínfín. Ó lè pa ejò kó tó pa kòkòrò.

Ní tiwa èèyàn, kòkòrò àìsàn tí wọ́n ń pè ní Salmonella lè wà nínú ìgbẹ́ ejò bó ti wù kí ara rẹ̀ le tó. Ọṣẹ àti omi lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ má fọ abọ́ rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fọ àwo oúnjẹ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aláboyún, arúgbó àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Tó bá jáde

Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ẹ fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀. Ball python kì í rin ọ̀nà jíjìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn fíríìjì, abẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, inú àga tìmùtìmù, inú bàtà, ẹ̀yìn ìwé lórí pẹpẹ: ibi tó bá ṣókùnkùn, tó há, tó sì móoru ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí ẹ kò bá rí i kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ wọ́n ìyẹ̀fun tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan àti lẹ́bàá ògiri, ẹ gbé ibi ìsápamọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní ooru tí thermostat ń ṣọ́, ẹ pa gbogbo iná. Ní nǹkan bí aago 11 alẹ́, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ rìn jẹ́ẹ́. Ipa rẹ̀ á hàn nínú ìyẹ̀fun, ìlà kan ṣoṣo tó nípọn, tó rí gbọnrangandan. Ibi tí ìlà náà bá wọ̀ ni kí ẹ gbé àga kúrò.